Ẹ Bi Àǹtí Lábù: Ta Ló Gbé Àrùn Wá?

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí mo kọ lórí ibà nínú ìwé ìròyìn tó kọjá, ìbéèrè tó wọlé pọ̀ ju ààyè tí olóòtú fún mi lọ, àwọn kan gùn gbọọrọ, àwọn kan ò ju gbólóhùn kan lọ, àwọn kan sì ń dán mi wò ni, mo mọ̀ yín o. Mo ṣa àwọn tó jọra jọ síbí torí ká má purọ́, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: kòkòrò àrùn tí ò lẹ́sẹ̀, tí ò ní ìyẹ́, báwo ló ṣe ń kúrò lára ẹnì kan dé ara ẹlòmíì? Orúkọ tí kálukú fún ara rẹ̀ ni mo fi síbẹ̀.

Bàbá Aláìsùn béèrè:

Àǹtí Lábù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV tó tún wá bà lé mi, ṣé kò ní kó o ràn mí báyìí? Ṣebí bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún ẹni méjì ló rí. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́ lóru, gbogbo ìgbà ni mò ń pa ẹ̀fọn.

Ìdáhùn:

Bàbá, ẹ lọ sùn jàre. Ẹ̀fọn kì í kó HIV ranni. Láti 1981 tí ayé ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa àrùn éèdì, wọn ò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tó ti ara ẹ̀fọn kó o. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò fúnra yín, ẹ̀fọn kì í wo ọjọ́ orí kó tó jẹni, tó bá jẹ́ òun ló ń pín in kiri ni, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà mẹ́jọ àtàwọn arúgbó ni ì bá ní in tó àwọn ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ níbì kankan.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn ló ṣì yín lọ́nà. Abẹ́rẹ́, ihò kan ló ní, ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbà wọlé náà ló máa gbà jáde. Ẹnu ẹ̀fọn yàtọ̀, ọ̀nà méjì ló wà nínú ẹ̀, ó ń fi ọ̀kan tu itọ́ sí wa lára kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì, ó ń fi èkejì fa ẹ̀jẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì já síra wọn. Itọ́ ló ń fún wa, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹni tó mu ṣáájú wa. HIV tó bá sì dé ikùn ẹ̀fọn ti di oúnjẹ nìyẹn, ikùn á lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó kù, torí irú sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì yẹn máa ń wọ̀ kò sí lára ẹ̀fọn rárá, kò ríbi wọ̀, kò ríbi bí sí i.

Ẹ wá wo kòkòrò ibà ní tiẹ̀. Òun mọ inú ẹ̀fọn bí ẹni mowó. Tí abo Anopheles, irú ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní ibà lára (abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀ o, torí ẹyin tó fẹ́ yé ni, akọ ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ wa), akọ àti abo kòkòrò ibà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn á pàdé nínú ikùn ẹ̀fọn, wọ́n á di ọ̀kan, ohun tó tara wọn jáde á la ògiri ikùn kọjá á sì di kókó róbótó sẹ́yìn ẹ̀, inú kókó yẹn ló ti máa pín ara rẹ̀ yẹ́lẹyẹ̀lẹ, kókó á bẹ́, àwọn ọmọ á rin gbogbo ara ẹ̀fọn já títí wọ́n á fi wọ ibi tí itọ́ rẹ̀ ń gbé. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti dúró de ẹni tó kàn. Ronald Ross ló kọ́kọ́ rí àwọn kókó yẹn lára ikùn Anopheles, ní August 1897, ní Secunderabad ní Íńdíà, ó gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1902.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù níbẹ̀ ni àkókò. Ìrìn tí mo ṣàlàyé yẹn máa ń gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, tí ojú ọjọ́ bá tutù ó tún máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀fọn púpọ̀ sì ti kú kó tó pé. Ẹ̀fọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ oníbà lánàá ò tíì lè fún yín ní ibà lónìí. Ẹ̀fọn tó ti dàgbà, tó ti mu ẹ̀jẹ̀ léraléra, òun gan-an leléwu. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀n tí wọ́n rẹ sínú oògùn fi ń ṣiṣẹ́ ju bí ojú ṣe rí i lọ, ẹ̀fọn tó bà lé àwọ̀n yẹn lálẹ́ òní lè jẹ́ pé kòkòrò inú ẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta kó gbó, kò sì ní rí ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Nítorí náà kí ẹ máa pa ẹ̀fọn lọ bàbá, ẹ kàn yí ìdí tẹ́ ẹ fi ń pa á padà ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Oníyọnu béèrè:

Ẹ káàsán mà. Tíṣà baọ́lọ́jì wa ní èèyàn ni intermediate host kòkòrò ibà, pé ẹ̀fọn ni olórí agbàlejò ẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ta ló jàre mà? Ẹ sì bá mi ya vector àti intermediate host sọ́tọ̀, wọ́n máa ń dàrú mọ́ mi lójú, ìdánwò sì ti dé.

Ìdáhùn:

Tíṣà yín ló jàre, ẹ lọ tọrọ àforíjì. Ibi tí akọ àti abo kòkòrò ti ń di ọ̀kan la fi ń mọ olórí agbàlejò, a kì í fi ìwọ̀n ara tàbí ọgbọ́n orí mọ̀ ọ́n. Kòkòrò ibà kàn máa ń la ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ni nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wa, inú ẹ̀fọn ni ìpàdé akọ àti abo ti ń wáyé. Èèyàn ni agbàlejò àárín, ìyẹn intermediate host. Mo mọ̀ pé ó dun ìgbéraga wa díẹ̀.

Èyí tó kù, bí mo ṣe máa ń là á fáwọn ọmọ lábù rèé. Iṣẹ́ ni vector, ìyẹn ohun abẹ̀mí tó ń gbé àrùn láti ara ẹnì kan lọ bá ẹlòmíì, kòkòrò tó ń fò tàbí tó ń rá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Agbàlejò àárín ní tiẹ̀, ibùgbé ni, ibi tí kòkòrò àfòmọ́ ti ń lo ìgbà èwe rẹ̀ kó tó dé ibi tó ti máa dàgbà. Nǹkan kan lè jẹ́ méjèèjì pọ̀: ẹ̀fọn tó ń gbé aràn jàkùtẹ̀, vector ni, agbàlejò àárín náà sì ni, torí inú rẹ̀ làwọn ọmọ aràn yẹn ti ń gòkè àgbà. Màlúù tó ní ọmọ aràn pẹlẹbẹ nínú ẹran ara ẹ̀, agbàlejò àárín ni, kì í ṣe vector, kì í wá bá ẹnikẹ́ni nílé. Eṣinṣin inú ilé tó ru ẹ̀gbin wá, vector ni, kò gba àlejò kankan. Ìṣáwùrú tó ń gba aràn àtọ̀sí ajá lálejò ni wọ́n ń jà lé lórí, àwọn ìwé kan pè é ní vector, àwọn kan ní rárá, torí kì í gbé aràn náà wá bá èèyàn, ńṣe ló kàn ń tú u sómi. Tí wọ́n bá bi yín nínú ìdánwò, agbàlejò àárín ni kẹ́ ẹ kọ, kò sẹ́ni tó máa gé máàkì yín.

Ìyá Ọmọ béèrè:

Ẹ kú ojoojúmọ́ Àǹtí. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó bá ń tọ̀, ìparí ẹ̀ máa ń pupa. Ilé ìwòsàn ní àtọ̀sí ajá ni, pé inú odò ló ti kó o, pé ìṣáwùrú ló wà nídìí ẹ̀. Odò yẹn mọ́ gaara o, ìṣáwùrú kì í sì í bu èèyàn jẹ. Bàbá ẹ̀ ní irọ́ ni, pé àwọn ọ̀rẹ́ burúkú tó ń bá rìn ni ká yẹ̀ wò, ó ti fẹ́ nà án. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dá sí i.

Ìdáhùn:

Ìyá mi, ẹ kọ́kọ́ fi ìdáhùn yìí han bàbá ẹ̀: ọmọ yẹn ò bá obìnrin ṣe nǹkan kan, omi ló wẹ̀. Kò sí nǹkan tó máa tìtorí ẹ̀ nà án. Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Aràn kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Akọ àti abo rẹ̀ máa ń gbé pọ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká, abo máa ń wọnú kòtò kan ní ikùn akọ, ibẹ̀ ló máa wà, wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fọ́dún mẹ́ta sí mẹ́wàá. Abo ń yé ẹyin lójoojúmọ́, ẹyin náà ní ẹ̀gún kan ní ìdí, òun ló ń gún ara àpò ìtọ̀ la kó lè bá ìtọ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ ń rí yẹn, ojú ọgbẹ́ ẹyin ni. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Theodor Bilharz ló kọ́kọ́ rí aràn yìí lára òkú, ní Káírò, ní 1851. Síbẹ̀ ó tó ọgọ́ta ọdún ó lé kí wọ́n tó mọ ọ̀nà tó ń gbà wọ ara èèyàn. Robert Leiper ló yanjú ẹ̀ ní Íjíbítì ní 1915.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ẹnì kan tó ní in á tọ̀ sódò. Ẹyin á pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ti kan omi tútù, nǹkan tíntìntín kan á jáde nínú ẹ̀ tó ń wẹ̀, kò ní ju bí ọjọ́ kan lọ láti fi rí irú ìṣáwùrú tó yẹ, kì í ṣe gbogbo ìṣáwùrú ló ń gbà á o, tí kò bá rí i ó kú nìyẹn. Tó bá rí i, á wọ inú ẹran ara ẹ̀, á wá ṣe nǹkan tó ya èmi alára lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lábẹ́ máíkíróskóòpù: ẹyọ kan tó wọlé máa di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ìṣáwùrú á bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sómi lójoojúmọ́, gbogbo wọn nírù. Ìṣáwùrú yẹn alára ń jìyà ẹ̀, ó máa ń ṣíwọ́ ẹyin yíyé, torí náà a ò lè sọ pé òun lọ̀tá.

Àwọn onírù yìí ló ń wá ọmọ yín. Wọn ò ṣe é fojú lásán rí dáadáa, omi tó mọ́ gaara lè kún fún wọn, kódà ìṣáwùrú fẹ́ràn omi tó rọra ń ṣàn tí koríko wà létí ẹ̀ ju omi ìdọ̀tí lọ. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń jáde jù, ìgbà tóòrùn mú, ìgbà táwọn ọmọdé ń sá lọ sódò gan-an nìyẹn. Kò ní láti ní egbò lára. Onírù á lẹ̀ mọ́ awọ ara, ìrù á já sílẹ̀, orí á wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá sínú ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ló ti máa dàgbà tó máa rí ìyàwó, wọ́n á wá jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àpò ìtọ̀. Tí kò bá rí ara èèyàn wọ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó kú.

Oògùn ẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é, ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò iye tó máa lò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un nílé ìwòsàn, ẹ má dá a rà. Aràn tó ti dàgbà ló ń pa, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa àwọn ọmọdé inú wọn, nígbà míì wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Kì í sì í dènà tuntun, tó bá padà sódò yẹn lọ́la á tún kó o. Ẹ má sọ pé á lọ fúnra ẹ̀ o, tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fọ́dún gbọọrọ ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, lára obìnrin ó tún máa ń ṣe ojú ara lọ́ṣẹ́.

Tí kò bá sí omi míì, ẹ pọn ọ́n sílé kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì kí wọ́n tó fi wẹ̀, kí ẹ rí i pé ìṣáwùrú ò bá a wá, àwọn onírù á ti kú. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀, kí ọmọ yẹn àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ yéé tọ̀ sódò. Odò kì í dá àtọ̀sí ajá sílẹ̀ fúnra ẹ̀, èèyàn ló ń gbé e lọ bá ìṣáwùrú.

Alásè Kan béèrè:

Eṣinṣin bà lé oúnjẹ, mo lé e lọ. Ṣé ó ti parí?

Ìdáhùn:

Kò parí. Eṣinṣin ò léyín, ńṣe ló ń bì sórí oúnjẹ kó lè rọ̀ kó tó fà á mu, ó sì máa ń yàgbẹ́ síbẹ̀ nígbà kan náà, irun ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́, ibi tó ti ń bọ̀ ẹ mọ̀ ọ́n. Ìgbẹ́ ọ̀rìn, tàífọ́ọ̀dù, onígbá méjì, ó lè ru gbogbo wọn. Àwọn kòkòrò yìí ò nílò ọjọ́ mẹ́wàá lára ẹ̀ bíi ti ibà, ojú ẹsẹ̀ ni. Ẹ bo oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì bo ihò ṣáláńgá.

Ẹlẹ́sẹ̀ Wíwú béèrè:

Àǹtí, ẹsẹ̀ mi kan ń wú díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún méjì. Wọ́n fẹ́ yẹ̀ mí wò bóyá jàkùtẹ̀ ni, wọ́n wá ní aago mọ́kànlá alẹ́ ni kí n wá fa ẹ̀jẹ̀. Irú wàhálà wo nìyẹn? Ìyàwó mi ní àwọn yẹn ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìdáhùn:

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ó ṣe bẹ́ẹ̀ torí tiyín ni, ṣùgbọ́n ẹ lọ. Wọ́n mọṣẹ́ wọn.

Aràn jàkùtẹ̀ tó dàgbà ń gbé nínú àwọn ọ̀nà tí omi ara ń gbà, àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Lójú ọ̀sán, àwọn ọmọ yìí máa ń sá pamọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n bá gún yín lábẹ́rẹ́ lọ́sàn-án wọn ò ní rí nǹkan kan. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ sí méjì òru, wọ́n á tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀ tó sún mọ́ awọ ara. Kí ló fà á? Ẹ̀fọn tó ń gbé wọn, òru ló ń jẹun. Patrick Manson, dókítà ará Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní Amoy ní Ṣáínà, ló rí i ní 1877 pé ọmọ aràn yìí ń dàgbà nínú ẹ̀fọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa fi hàn pé kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ń tọ́ àrùn èèyàn dàgbà, lẹ́yìn náà ló tún rí ọ̀rọ̀ òru yìí. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé láwọn erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì níbi tí ẹ̀fọn tó ń gbé e ti ń jẹni lọ́sàn-án, àwọn ọmọ aràn yẹn náà ti yí àkókò wọn padà, ọ̀sán ni wọ́n ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ta ló sọ fún wọn?

Àyẹ̀wò míì ti wà nísinsìnyí tó ṣeé ṣe lọ́sàn-án, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní in. Kí ọkàn àwọn ará ilé lè balẹ̀, ẹ̀fọn kan tó jẹni lẹ́ẹ̀kan kì í sábà fa jàkùtẹ̀, torí kì í fi itọ́ fún ọmọ aràn síni lára tààrà bíi ti ibà, orí awọ ló ń já wọn sí, àfi kí wọ́n fúnra wọn wá ojú ihò tí ẹ̀fọn lu kí wọ́n sì wọ̀ ọ́, púpọ̀ ò yè é. Ọ̀pọ̀ ìjẹ láàárín ọ̀pọ̀ oṣù ló máa ń dá a sílẹ̀.

Ọ̀gá Ẹlẹ́ran béèrè:

Ṣé òótọ́ ni pé aràn pẹlẹbẹ wà nínú ẹran, tí a bá sì fi ẹran sí fíríìjì ó ti kú?

Ìdáhùn:

Ó wà nínú ẹran màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jiná. Fíríìjì lásán kì í pa á, fírísà tó dì gbagidi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ máa ń pa á, iná tó jiná dénú ló dájú jù. Ní 1855 dókítà kan ní Jámánì, Küchenmeister, fi ọmọ aràn inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú oúnjẹ ọ̀daràn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, tí ẹni yẹn ò sì mọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n pa á ló là á tó bá aràn pẹlẹbẹ kéékèèké nínú ìfun ẹ̀. Ìwà burúkú gbáà, ṣùgbọ́n bí ayé ṣe mọ̀ nìyẹn.

Ti màlúù lè gùn ju mítà márùn-ún lọ nínú ikùn, ó dójú tini, àmọ́ kì í sábà ṣe ju ìyẹn lọ. Ti ẹlẹ́dẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, kì í sì í ṣe torí ẹran ẹ̀ nìkan. Tí ẹni tó ní aràn ẹlẹ́dẹ̀ ò bá fọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́, ẹyin aràn á ti ọwọ́ ẹ̀ dé ẹnu ẹlòmíì, inú ẹni yẹn ni ẹyin á ti pa, á ṣe èèyàn bí ẹni pé ẹlẹ́dẹ̀ ni, á lọ jókòó sínú ẹran ara, sínú ọpọlọ pàápàá. Àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé níbi tí aràn yìí ti wọ́pọ̀, ó tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníwarápá tó jẹ́ pé òun ló fà á. Ẹni tí ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí láyé ẹ̀ lè kó èyí. Èmi ò mọ ìdí tí wọn ò fi ń pariwo ẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Ọmọ Ìdí Kọ̀ǹpútà béèrè:

Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kòkòrò kan ń darí ọpọlọ eku kó lè lọ bá ológbò. Àǹtí, ẹ sọ òótọ́, àsọdùn ni àbí?

Ìdáhùn:

Wọ́n sọ àsọdùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ẹ̀ kì í ṣe irọ́. Toxoplasma lorúkọ ẹ̀. Inú ìfun àwọn ẹranko ìdílé ológbò nìkan ni akọ àti abo ẹ̀ ti ń pàdé, eku jẹ́ agbàlejò àárín, àfi kí ológbò jẹ eku kó tó délé. Wọ́n dán an wò nínú lábù, eku tó ní in lára kì í bẹ̀rù òórùn ìtọ̀ ológbò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé kòkòrò jókòó tó ń fi rìmóòtù tẹ̀ ẹ́, ìbẹ̀rù kan ló ti yọ kúrò.

Òun kọ́ ló tiẹ̀ le jù. Aràn kan wà nínú ẹ̀dọ̀ àgùntàn àti màlúù tó máa ń gba inú ìgbín orí ilẹ̀ kọjá sínú èèrà, èèrà tó ní in, tílẹ̀ bá ti ń ṣú tí ara ilẹ̀ tutù, á gun orí koríko, á fi ẹnu há a gbagidi, ibẹ̀ ló máa wà di àárọ̀ kí àgùntàn lè jẹ ẹ́ mọ́ koríko. Tí oòrùn bá mú tí àgùntàn ò dé, á tú ẹnu, á sọ̀ kalẹ̀ lọ máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ, lálẹ́ á tún gòkè.

Ẹ tún wo flea, kòkòrò kékeré tó ń fò nínú irun eku, òun ló gbé àrùn plague kiri, àjàkálẹ̀ àrùn tó ń pani gan-an. Paul-Louis Simond ló fi hàn ní Karachi ní 1898, wọn ò gbà á gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Bakitéríà plague máa ń dì sí ọ̀fun flea bámú, ẹ̀jẹ̀ tó fà ò lè kọjá sí ikùn, ebi á máa pa á, á máa jẹni kiri bíi wèrè, gbogbo ìgbà tó bá fà á, á tún pọ̀ ọ́ padà sójú ibi tó jẹ pẹ̀lú bakitéríà. Ebi pa á kú níkẹyìn ni, ṣùgbọ́n àrùn ti dé ibi tó ń lọ.

Onínúbíbí béèrè:

Gbogbo àlàyé yìí ti tó. Kí ló dé tí wọn ò kàn pa gbogbo ẹ̀fọn ayé yìí run ká sinmi?

Ìdáhùn:

Inú tó ń bí yín yé mi o, WHO ní ibà nìkan pa nǹkan bí èèyàn 597,000 ní 2023. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀fọn tó wà láyé tó 3,500, èyí tó pọ̀ jù ò ṣe wá ní nǹkan kan, nínú Anopheles gan-an tó ju irú 400 lọ, nǹkan bí 40 ló ń gbé ibà kiri ní pàtàkì. Gbogbo wọn kọ́ ló jẹ̀bi. Èmi ò sì fara mọ́ ọn pé tí a ò bá pa ẹni tó ń gbé nǹkan, nǹkan ò lè dúró. Ibi tí ìrìn àrùn ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù ni mo máa ń wá, ibẹ̀ ni mo máa ní ká gé.

Ní Yogyakarta ní Indonesia, wọn ò pa ẹ̀fọn Aedes tó ń gbé ibà dengue run, ńṣe ni wọ́n tú Aedes míì sáàárín wọn tó ní bakitéríà Wolbachia lára, tí bakitéríà yẹn bá ti wà nínú ẹ̀fọn, fáírọ́ọ̀sì dengue kì í rí àyè bí sí i níbẹ̀ dáadáa, ẹ̀fọn ń fi Wolbachia lé ọmọ lọ́wọ́, dengue sì fi ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù ládùúgbò tí wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ẹ̀fọn ṣì ń jẹ wọ́n o. Àrùn ni ò bá a wá.

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìdin kòkòrò dúdú tó ń fa ìfọ́jú létí odò ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hẹlikọ́pútà fọ́n oògùn pa lójú omi tó ń yára ṣàn láti 1974, wọ́n ṣe é di 2002, torí inú omi tó ń sáré yẹn nìkan ló ti ń hù, ibẹ̀ ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú ayé ẹ̀.

Sọ̀bìà ló wá dá mi lójú jù lọ. Kò ní oògùn tó ń pa á, kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, bẹ́ẹ̀ ní 1986 èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ ló ń ní in lọ́dún, nígbà tó fi di 2024 gbogbo ayé ò ju ẹni 15 lọ. Ohun tó gé e ni aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu. Kòkòrò omi kan tó kéré gan-an ló ń gbé ọmọ sọ̀bìà mì, ẹni tó bá mu omi gbé kòkòrò náà mì, lẹ́yìn bí ọdún kan ni aràn á yọ jáde lẹ́sẹ̀, á máa jó ẹni yẹn títí á fi ki ẹsẹ̀ bọ omi, aràn á tú ọmọ sómi, ó tún di ọ̀tun. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ kòkòrò omi yẹn kúrò, wọ́n sì ní kí ẹni tó ń yọ sọ̀bìà má ki ẹsẹ̀ bọ omi táwọn èèyàn ń mu. Ó tán.

Ó kù díẹ̀ kó tán ni kí n sọ, torí ní Ṣáàdì sọ̀bìà ti ń wọ ara ajá, wọ́n rò pé ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ ni ajá ń jẹ tó fi ń kó o. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí ni kí wọ́n máa so ajá mọ́lẹ̀ kó má bàa wọ omi nígbà tí aràn bá ń yọ, kí wọ́n sì máa ri ìfun ẹja mọ́lẹ̀ dípò kí wọ́n jù ú fún un.